Eyín Kejì

Aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù mi ké.
Omi ti ga, ló wí: ogójì sẹ̀ǹtímítà, àádọ́ta, ọgọ́ta,
lẹ́yìn náà ó dákẹ́
bí ọmọ tó purọ́ tán tó ń wo ojú ìyá rẹ̀.

Òjò kò sì tíì rọ̀ láti ọjọ́ Ajé.
Mo wọ bàtà rọ́bà, mo wọ ẹ̀wù méjì lé ara wọn,
mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo gun òkè Dolgarrog.

Òkè Wales kì í ṣe òkè Ìdànrè.
Ti Ìdànrè, òkúta ni, ó máa ń sọ ibi tó wà fún ẹsẹ̀ rẹ.
Èyí dà bíi kànìnkànìn: koríko lókè, omi nísàlẹ̀,
o fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan, ilẹ̀ ń bá ọ dù ú.

Kòtò tí mò ń ṣọ́ kò fẹ̀ ju ibùsùn ọmọdé lọ.
Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ yí ìhà òkè po.
Ó dagun, ṣùgbọ́n ojú ò lè rí i;
omi nìkan ló mọ̀ pé ìsàlẹ̀ lòun ń lọ.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ á gbẹ.
Omi yìí ò gbàgbé o. Wọ́n fà á lọ́wọ́ ni,
bí ọmọ tí wọ́n mú lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀:
ó wọ páìpù dúdú, ó já lu irin tó ń yí,
iná tàn nílé ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Idwal ti débẹ̀ ṣáájú mi. Kò sẹ́ni tó jí i.
Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi rìn létí kòtò yìí.
Nígbà tó fẹ̀yìn tì wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
wọn ò rántí gba ọ̀pá.
Ọ̀pá náà ní eyín, ọ̀bẹ ló fi gé e fúnra rẹ̀:
eyín kẹta, omi tó;
eyín karùn-ún, sáré lọ síbi ilẹ̀kùn omi.

Ó tì í bọ omi. Ó gbé e wá síbi ìmọ́lẹ̀ mi.
Eyín kejì.

Mo na tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀rọ tí a so kọ́ sórí omi,
èyí tó máa ń ké sí omi, tó ń dúró de ohùn ara rẹ̀.
Alántakùn kan, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́,
ti ta òwú bo ẹnu ẹ̀rọ, ìrì sẹ̀ sórí òwú,
ó jókòó sáàárín bí ẹni tó ti sanwó ilé.
Ẹ̀rọ ké, òwú dá a lóhùn.
Nítorí ẹ̀, ilẹ̀kùn omi ti tì, irin ìsàlẹ̀ ti dúró.

Idwal fi ìdí ọ̀pá gbé e sórí òkúta,
ó bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tiwọn.
Mo ní, kí lẹ sọ fún un?
“Mo ní kó má bínú. Ilé ló kọ́.”

Lọ́jọ́ Àìkú màmá mi bi mí lórí fóònù:
“Akínṣọlá, iṣẹ́ kí lo tiẹ̀ ń ṣe gan-an?”
Mo ní mò ń ṣọ́ omi.
“Ó fẹ́ sá ni?”
Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ sá. Kò sómi tí kò fẹ́ sá.
Ó ní, “Dúró ná, wọ́n ti mú iná lọ,”
mo gbọ́ bó ṣe ń fọwọ́ wá ìṣáná lórí tábìlì.
Mo dúró.

Mo fi etí ẹ̀wù nu ẹnu ẹ̀rọ.
Òǹkà já wálẹ̀: ogún, mọ́kàndínlógún.
Ó pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí; irin bẹ̀rẹ̀ sí í yí.
A ò gbọ́ ọ, àtẹ́lẹsẹ̀ la fi mọ̀.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Àṣìṣe òǹkà. Alántakùn kan.
Idwal yọjú léjìká mi,
ó ní kí n fi kún un: eyín kejì.